Yíyan Àga Ìjẹun Alágbèéká fún Ọmọ-Ọwọ́ Tó Ń Bá Òbí Rìnrìn-Àjò

Àga ìjẹun ọmọ-ọwọ́ ni ìjókòó tí wọ́n ṣe láti gbé ọmọ tó ti lè dá jókòó dé ibi gíga tí àwọn àgbà ti ń jẹun, tó sì ní ìgbànú tí kì í jẹ́ kí ọmọ náà yọ̀ bọ́ tàbí kó dìde dúró nínú rẹ̀. Èyí tó ṣeé ká, tó ṣeé tú, tàbí tó fúyẹ́ tó láti bá ẹrù lọ sí ìrìn-àjò ni orí-ìwé yìí ń sọ nípa rẹ̀, orúkọ tí yóò sì máa jẹ́ ni àga alágbèéká. Àwọ̀, ìwúwo àti owó ni ọ̀pọ̀ òbí máa ń kọ́kọ́ wò lọ́jà, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kó ṣáájú ni tábìlì àti àga tó wà níbi tí wọ́n ń lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú àga alágbèéká kò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀: ara tábìlì tàbí ara àga àgbàlagbà ló ń rọ̀ mọ́, bí ohun tó rọ̀ mọ́ náà kò bá sì lágbára, iye owó tí wọ́n fi ra àga kò ní kí ọmọ má ṣubú.

Ọmọ gbọ́dọ̀ ti lè dá jókòó kó tó lo irú àga bẹ́ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí ọmọ máa mu ọmú nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, kí oúnjẹ mìíràn sì máa kún ọmú láti ìgbà náà lọ, àsìkò yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń kọ́ ìjókòó. Ṣùgbọ́n kíka oṣù nìkan kò tó, torí pé ọmọ kan a máa jókòó gbọn-in ní oṣù 6, òmíràn a sì ṣì máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá pé oṣù 7. Ìyá tó ń fi ìrọ̀rí tàbí ìró tí wọ́n ká jọ yí ọmọ ká lórí ẹní lè dán an wò láìsí wàhálà: bí wọ́n bá kó ìrọ̀rí kúrò, tí ọmọ ṣì dúró lórí ìdí rẹ̀, tí orí rẹ̀ kò mì, tó sì lè na ọwọ́ mú ṣíbí láìdojúbolẹ̀, ó ti tó àkókò. Bí kò bá tíì rí bẹ́ẹ̀, ìgbànú kò lè ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀yìn ọmọ kò tíì lè ṣe, itan ìyá sì ni àga tó yẹ ẹ́ jù lọ fún ìrìn-àjò náà. Ní ti ìwọ̀n, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ EN 1272, èyí tó wà fún àga tí wọ́n ń fi kọ́ tábìlì, àti EN 16120, èyí tó wà fún ìjókòó tí wọ́n ń dè mọ́ àga àgbàlagbà, fi kílò 15 ṣe òpin. Nínú òṣùwọ̀n ìdàgbàsókè ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ọmọkùnrin tó wà ní àárín ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wọn nǹkan bíi kílò 7.9 ní oṣù 6, kílò 9.6 nígbà tó bá pé ọdún 1, àti kílò 12.2 nígbà tó bá pé ọdún 2, ọmọbìnrin sì fi díẹ̀ fúyẹ́ jù ú lọ. Nítorí náà ìwúwo kọ́ ni yóò tètè lé ọ̀pọ̀ ọmọ kúrò nínú àga, bí kò ṣe agbára ẹsẹ̀ wọn.

Jíjókòó ṣánṣán nídìí oúnjẹ ju ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lọ. Ọmọ tí orí rẹ̀ bá ṣubú sẹ́yìn nígbà tó ń jẹun, oúnjẹ lè yà sí ọ̀nà tí èémí ń gbà wọ ẹ̀dọ̀fóró, kó há a lọ́fun tàbí kó dá àìsàn sí i lára. Ewu kan náà ló wà nínú rírọ, ìyẹn àṣà tí ìyá tàbí ìyá àgbà fi ń dá ọmọ dùbúlẹ̀ sórí itan, tí yóò ká àtẹ́lẹwọ́ bí ìkòkò sí i lẹ́nu, tí yóò sì máa da ògì tàbí àgbo sí i, títí ọmọ yóò fi gbé e mì nítorí pé ó fẹ́ mí. Ìfẹ́ ló bí àṣà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ka ìwé yìí ni wọ́n sì fi tọ́ dàgbà. Síbẹ̀ ọmọ tó jókòó, tó kọjú sí ẹni tó ń bọ́ ọ, lè yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá yó, ẹni tó ń bọ́ ọ náà yóò sì rí i pé ó ti yó. Bí òbí bá ń gbé àga kékeré lọ sí ilé ìyá àgbà, ó yẹ kí wọ́n fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà, kí wọ́n sì fi ṣíbí lé wọn lọ́wọ́, dípò kí wọ́n já ọmọ gbà lórí itan wọn.

Ibi tí ẹbí ń lọ ni yóò sọ irú àga tí wọn yóò rà. Ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn ìlú ńlá mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ló ní àga gíga onígi fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ìgbànú àwọn kan nínú wọn ti já tàbí kó ti sọnù, nítorí náà ohun tí arìnrìn-àjò nílò níbẹ̀ lè má ju okùn ìdè ọmọ lọ, ìyẹn ìgbànú tó dá dúró tí ìlànà EN 13210 wà fún, èyí tó ṣeé fi sínú àpò ìlédìí. Ilé àwọn mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ ronú dáadáa, torí pé tábìlì gíláàsì àti tábìlì tó ń fà gùn bí àlejò bá dé pọ̀ níbẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì ṣeé fi àga kọ́. Ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ilé tó ní tábìlì ìjẹun onígi tó wúwo kò wọ́n, ṣùgbọ́n pálọ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń jẹun ní ti gidi, lórí àga tìmùtìmù, pẹ̀lú sítúùlù tí wọ́n gbé síwájú. Sítúùlù àti tábìlì àárín pálọ̀ kúrú débi pé ẹsẹ̀ ọmọ yóò kanlẹ̀. Ní abúlé, àpótí, bẹ́ǹṣì àti ẹní ni ìjókòó. Níbi òde ìnáwó, lábẹ́ kánópì, àga oníke àti tábìlì oníke ló wà, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í sábà tẹ́jú. Ìbéèrè kan tí òbí bá béèrè lórí fóònù kí wọ́n tó di ẹrù, pé kí ẹni tó wà nílé ya fọ́tò tábìlì àti àga tó wà níbẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn, yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju kíka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí lọ.

Àga àfikọ́ ni àkọ́kọ́ nínú àwọn oríṣi tó wà, òun náà sì ni àlàyé rẹ̀ gùn jù, torí pé bó ti rọrùn tó láti gbé kiri náà ló rọrùn tó láti ṣì lò. Kò ní ẹsẹ̀ rárá. Irin tí wọ́n fi rọ́bà bò ń na láti ara rẹ̀ sórí tábìlì, apá mìíràn ń gba abẹ́ tábìlì wọlé, wọ́n á sì máa yí ìdè rẹ̀ títí tábìlì yóò fi há sáàárín àwọn apá náà, bí ìgbà tí káfíńtà bá fi irin ìdè mú pákó méjì tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀. Ìwúwo ọmọ ń fa ìjókòó sísàlẹ̀ lẹ́yìn etí tábìlì, ìyẹn ni yóò mú kí apá ìsàlẹ̀ máa ti abẹ́ tábìlì sókè, kí apá òkè sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ara tábìlì ni gbogbo agbára náà ń lọ. Ìdí nìyí tí tábìlì gíláàsì kò fi bá a mu, torí pé ó lè fọ́. Tí tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ kan kò fi bá a mu, torí pé ó lè yí dànù. Tí tábìlì oníke, tábìlì kíká àti apá tí wọ́n fà yọ lára tábìlì kò fi bá a mu, torí pé wọ́n lè ṣẹ́ tàbí kí wọ́n yọ. Lára tábìlì onígi tó nípọn pàápàá, ó yẹ kí òbí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ tábìlì tí àwọn káfíńtà wa ń kàn ní pákó tóóró tó yí abẹ́ rẹ̀ ká, èyí tó so ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀. Pákó yìí kì í jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ àga ráyè wọlé dáadáa, àga tí kò bá sì wọlé tán kò tíì kọ́. Olúkúlùkù àga ni wọ́n kọ ìwọ̀n nínípọn tábìlì tó lè gbà sínú ìwé ìlò rẹ̀, ìwọ̀n yìí sì ni kí wọ́n fi rúlà wọ̀n, kí wọ́n má ṣe fojú dá a.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi kọ́, kí wọ́n ká aṣọ tábìlì kúrò, kí wọ́n sì nu epo àti omi kúrò lójú pákó, torí pé ọbẹ̀ díẹ̀ tó gbẹ síbẹ̀ tó láti mú rọ́bà yọ̀. Kí wọ́n yí ìdè apá ọ̀tún àti ti òsì ní ìdọ́gba, díẹ̀díẹ̀, títí tí ọwọ́ kò fi lè yí i mọ́. Lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀, kó sún ara lé e, kí ẹlòmíràn sì máa wo ẹsẹ̀ tábìlì ní òdìkejì: bí ẹsẹ̀ yẹn bá fi díẹ̀ gbéra nílẹ̀, tábìlì náà fúyẹ́ jù. Kí wọ́n tún dì í mú, kí wọ́n fà á sẹ́yìn bíi pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́. Bó bá rìn, kí wọ́n tú u, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Àga náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé àga mìíràn sábẹ́ ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe é pẹ̀lú èrò pé yóò gba ọmọ sílẹ̀ bó bá já bọ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọmọ yóò fi ẹsẹ̀ ti ohun tó bá kàn, yóò sì fi agbára ara rẹ̀ tú àga kúrò lára tábìlì. Ní ọdún 2011, àwọn tó ṣe irú àga àfikọ́ kan gba èyí tó lé ní 50,000 padà lọ́wọ́ àwọn tó rà á ní Amẹ́ríkà, torí pé rọ́bà tó wà lára ìdè rẹ̀ lè sọnù tàbí kó jẹ, tí àga á sì yọ, tí ìka ọmọ á sì há sáàárín irin. Rọ́bà náà kéré lójú, ṣùgbọ́n òun ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra àga àfikọ́ fọwọ́ kàn.

Oríṣi kejì ni àga àgbékà, èyí tí wọ́n ń gbé ka orí àga àgbàlagbà, tí wọ́n sì ń fi okùn méjì dè: ọ̀kan gba ẹ̀yìn àga yí ká, èkejì gba abẹ́ ìjókòó. Fún ẹbí tó ń lọ láti ìlú kan sí òmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí ló dára jù, nítorí pé ilé tí kò ní tábìlì tó yẹ pọ̀ ju ilé tí kò ní àga kan ṣoṣo tó lágbára lọ, àti pé àwọn kan nínú rẹ̀ ní ẹsẹ̀ kúkúrú àti àtẹ oúnjẹ tiwọn, tí ìwé ìlò wọn sì gbà kí wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí ẹní ní abúlé, kí ọmọ lè wà láàárín àwọn tó ń jẹun nílẹ̀. Àga onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó ní ẹ̀yìn tó dúró ṣánṣán ni kí wọ́n dè é mọ́. Àpótí àti bẹ́ǹṣì kò ní ẹ̀yìn, àga tìmùtìmù sì ń rì. Ti àga oníke gba ìṣọ́ra púpọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀, ojú rẹ̀ ń yọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa là sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí táìlì nígbà tí ọmọ bá ń mi ara rẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Bí kò bá sí òmíràn níbi òde, kí ọmọ jẹun lórí itan.

Ìjókòó aláṣọ ni ó fúyẹ́ jù nínú gbogbo wọn, torí pé kò tó ìdajì kílò, ó sì ṣeé ká sínú àpò ọwọ́. Aṣọ ni, wọ́n ń fi bọ ẹ̀yìn àga, apá tó gba àárín ẹsẹ̀ ọmọ bọ́ síwájú sì ni wọ́n ń so mọ́ ìyókù rẹ̀ láti mú ọmọ dúró. Ẹni tó mọ ọ̀já pọn ọmọ yóò tètè mọ̀ ọ́n lò, ìjọra yìí gan-an ló sì mú kí ìkìlọ̀ kan pọn dandan: ọ̀já fúnra rẹ̀ kì í ṣe àga. Ọ̀já tí wọ́n fi di ọmọ mọ́ ẹ̀yìn àga kò ní ohun tó gba àárín ẹsẹ̀, nítorí náà ìdí ọmọ yóò máa yọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, ọ̀já tó wà ní ìkùn yóò di ti àyà, ti àyà yóò sì di ti ọrùn. Lẹ́yìn ìyá, ẹ̀yìn ìyá ló gbé ìdí ọmọ ró, ọwọ́ ìyá sì ń mọ̀ ọ́n lára bó bá ń yọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú méjèèjì yìí lára àga. Ìjókòó aláṣọ tòótọ́ dára fún oúnjẹ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níta, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá gbé àga jìnnà díẹ̀ sí tábìlì kí ẹsẹ̀ ọmọ má baà lè ti tábìlì, kí òun àti àga sì jọ ṣubú sẹ́yìn.

Àga kíká ní ẹsẹ̀ mẹ́rin tirẹ̀, kò sì gbára lé ohun kankan, ṣùgbọ́n ó wúwo ju àwọn tó kù lọ, ó fẹ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, oríkèé rẹ̀ sì lè gé ọmọ lọ́wọ́ bí wọn kò bá tì í pa dáadáa. Ẹbí tó ní ọkọ̀ tiwọn, tí wọ́n sì ń lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbì kan, ni ó yẹ.

Àga ilẹ̀, èyí tó jẹ́ rọ́bà tàbí fóòmù tí wọ́n gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ méjì sí, wà nílé púpọ̀ ní Nàìjíríà, orí ilẹ̀ nìkan ni ó sì yẹ kó wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Bumbo, èyí tó lókìkí jù nínú irú àga yìí, pẹ̀lú àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, kéde fún àwọn tó ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 nínú rẹ̀ pé kí wọ́n dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró títí wọn yóò fi rí ìgbànú gbà fún un, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti yọ nínú rẹ̀, tí agbárí àwọn mìíràn sì ti sán, púpọ̀ nínú wọn nígbà tí wọ́n gbé e sórí tábìlì tàbí ibi gíga mìíràn. Àga ilẹ̀ kì í ṣe àgbékà, kò sì lè di àgbékà.

Nínú gbogbo oríṣi wọ̀nyí, ìgbànú ni kí olùrà gbájú mọ́. Ìgbànú ẹlẹ́nu mẹ́ta ń di ìbàdí ọmọ, ó sì gba àárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹlẹ́nu márùn-ún fi okùn èjìká méjì kún un, òun ló sì dára fún ọmọ tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá ti dè é tán, ìka ọwọ́ méjì àgbàlagbà ló yẹ kó lè wọ àárín okùn àti ara ọmọ: bí ìka mẹ́ta bá wọlé, ó dẹ̀ jù. Àtẹ oúnjẹ tó wà níwájú kì í ṣe ìgbànú, ọmọ lè yọ̀ gba abẹ́ rẹ̀, kí orí rẹ̀ sì há.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ kò ṣe ohun àìtọ́, torí pé ọ̀pọ̀ àga tó dára ni wọ́n ń kó wọlé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ọmọ tó ni ín ti dàgbà. Ṣùgbọ́n kó wá nọ́ńbà ìlànà lára rẹ̀, EN tó wà lókè yìí, tàbí ASTM F1235 fún àga àfikọ́ àti F2640 fún àga àgbékà bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Kó de ìgbànú, kó tú u, kó tún un dè nígbà mẹ́wàá lójú ẹni tó ń tà á, kó sì tẹ ike rẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nínú oòrùn láti wá ibi tó ti sán. Bí ọ̀kan nínú ìṣó tàbí rọ́bà rẹ̀ bá ti sọnù, kó fi í sílẹ̀. Èyí tí wọ́n bá wá fi wáyà tàbí okùn rọ́pò kò lè ṣe iṣẹ́ ti àkọ́kọ́.

Nínú ọkọ̀ òfuurufú, ẹrù lásán ni àga yìí, kò sì ṣeé kọ́ mọ́ tábìlì kékeré tó wà lẹ́yìn ìjókòó iwájú. Kílò 23 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ń gbà fún àpótí kan ní ìjókòó olówó pọ́ọ́kú, nítorí náà àga àfikọ́ tó wọn nǹkan bíi kílò 2 kò ní ni àwọn òbí lára, pàápàá bí wọ́n bá fi aṣọ ọmọ kún inú rẹ̀. Nínú mọ́tò, àga ìjẹun kì í ṣe àga ọkọ̀, bó ti wù kí ìgbànú rẹ̀ lágbára tó. Wọn kò ṣe é láti gba ìjàǹbá.

Ìmọ́tótó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ fún àga oníke, nù-ún-nù-ún ni. Aláṣọ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ògì tó bá kán sójú ìrán aṣọ yóò gbẹ bíi sítáàṣì, yóò le, kò sì ní hàn títí di ọjọ́ kejì tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kan, tí èèrà yóò sì tò wá. Aṣọ tó ṣeé bọ́ kúrò lára irin, tó sì ṣeé fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ fọ̀, ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì rí i pé ó gbẹ délẹ̀ kí wọ́n tó ká a sínú àpótí, pàápàá lásìkò òjò. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó họ inú ìdè ìgbànú, torí pé ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín tó há síbẹ̀ kì í jẹ́ kó dún kẹ́ bó bá wọlé, ìdè tí kò bá sì dún kẹ́ lè má tíì wọlé.

Ọjọ́ tí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ti etí tábìlì, tó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́ apá àga, tó sì gbé ìdí rẹ̀ sókè títí ìgbànú fi le dan-indan-in, ni iṣẹ́ àga alágbèéká ń parí lọ, ì báà jẹ́ pé kílò 11 péré ló wọ̀n. Bó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n fún ìgbànú mọ́ra, kí wọ́n sì jókòó tì í. Bó bá di ojoojúmọ́, kí wọ́n ká àga náà sínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìlò rẹ̀ fún ọmọ mìíràn nínú ẹbí, kí wọ́n sì gbé àpótí kékeré fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀.